"Ne" Kan Lẹ́nu Evanthia

Ọjọ́ Àìkú, 2 oṣù Kẹta

Bàbá mi sọ̀rọ̀ lónìí. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ kíá kí n má baà rò lọ́la pé àlá ni mo lá.

Láti ìgbà tí a ti sin ìyá mi nínú oṣù Kọkànlá, "mo ti yó" àti "pa iná yẹn" nìkan ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Àjà kan ṣoṣo ló wà láàárín wa nínú ilé yìí, mo sì máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a jẹun ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Lónìí mo bu ọbẹ̀ ẹ̀wà fún un. Ó jẹ díẹ̀, ó gbé ṣíbí kalẹ̀, ó ní:

"Sarti."

Mo ní, "Kí lẹ wí, Bàbá?"

"Sarti, mo ní! Etí tìrẹ náà ti di ni, Dókítà? Mo fẹ́ lọ sí Sarti nínú oṣù Kẹfà. Ilé Argyris. Yàrá wa."

Ṣíbí dúró sí mi lẹ́nu. Láti ìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì ni òun àti ìyá mi ti ń lọ lo ìsinmi wọn létí òkun Gíríìkì, nílé Argyris àti Evanthia, nínú yàrá òkè kan náà. Evanthia àti ìyá mi á wà ní ìdáná. Bàbá mi àti Argyris á jókòó sábẹ́ igi múlíbẹ́rì, wọ́n á máa ta tavli, ayò ọlọ́pọ́n ti àwọn Gíríìkì, wọ́n á máa jà, olúkúlùkù lédè tirẹ̀. Èmi kò bá wọn lọ rí. Oòrùn ń jó mi lára, iṣẹ́ kì í sì í tán nílé ìwòsàn.

Mo ní, "Ó dáa. Màá pè wọ́n, màá sì sọ fún wọn pé Màmá..."

Ó fi ọwọ́ gbá tábìlì. "O ò gbọdọ̀ sọ ọ́! A kì í túfọ̀ Milunka lórí fóònù bí ẹni ń bèèrè iye tí wọ́n ń ta ata. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Èmi ni màá dúró níwájú Argyris, màá sì fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún un. Ohun tí mo fi fẹ́ lọ nìyẹn. Ìwọ ṣáà bá mi bèèrè yàrá."

Ó tún gbé ṣíbí, ó sì jẹ ẹ̀wà náà tán. Èmi ni n kò lè jẹ tèmi mọ́.

Ọjọ́rú, 5 oṣù Kẹta

Òun fúnra rẹ̀ kò lè pè wọ́n. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi wa ọkọ̀ rélùwéè, ẹ́ńjìnnì sì ti jẹ etí rẹ̀ tán. Ohùn òkè ló kọ́kọ́ lọ: ohùn ẹyẹ, ohùn ọmọdé, lẹ́yìn náà àwọn lẹ́tà tí kò wúwo bí *s* àti *f*. Ohùn ìsàlẹ̀ ló kù. Ó ń gbọ́ pé èèyàn ń sọ̀rọ̀, kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ìyá mi ló máa ń pe Evanthia ní ọdọọdún.

Bí mo ṣe máa ń là á yé àwọn aláìsàn mi nìyí: etí ni ilẹ̀kùn, ọpọlọ ni onílé. Ilẹ̀kùn kì í mọ àlejò. Onílé ló ń sọ pé lágbájá ló dé. Bí onílé bá ti ń retí ẹnì kan láti àárọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá kan ilẹ̀kùn, ẹni yẹn ni yóò pè é.

Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí mo ṣe fún un wà nínú dúróà ṣúgà. Ó ní wọ́n ń dún bí ìpàdé ẹ̀fọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù Kẹta

Mo ń kọ́ èdè Gíríìkì. Bí mo bá fẹ́ ṣe nǹkan, n kì í fi ṣeré: mo ń gbọ́ ọ nínú ọkọ̀, mo ń sọ ọ́ níwájú dígí. Bàbá ń wo ẹnu mi bí mo ṣe ń sọ ọ́, ó ń gbọn orí.

"Ṣọ́ra fún 'ne' wọn," ó ní. "'Ne' tiwa ní Sébíà, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. 'Ne' tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún tí a kọ́kọ́ lọ, Evanthia bi mí bóyá kó fi ẹja kún un. Mo ti yó bámúbámú. Mo ní, 'Ne, ne!' Ó gbé ẹja wá. Mo pariwo, 'Ne!' Ó tún gbé òmíràn wá. Milunka kàn ń rẹ́rìn-ín, kò gbà mí sílẹ̀."

Òun náà rẹ́rìn-ín. Ohùn ẹ̀rín náà há díẹ̀, bí ilẹ̀kùn tí a kò ṣí látọjọ́ pípẹ́.

Mo wo iye tí àwọn ilé mìíràn ń gbà ní Sarti nínú oṣù Kẹfà. Ẹnu mi kò lè pa dé. Wọ́n ń bèèrè iye tí mo rò pé ọ̀sẹ̀ kan ni fún òru kan ṣoṣo. Kí Evanthia ṣáà ti ní àyè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù Kẹta

Mo ti pè é! Mo wọ yàrá àyẹ̀wò wa nílé ìwòsàn, èyí tí ariwo kankan kì í wọ̀, kí n má baà ṣi ọ̀rọ̀ kankan gbọ́.

Evanthia fúnra rẹ̀ ló gbé fóònù. Mo kí i ní èdè rẹ̀, mo ní èmi ni Dobrila, ọmọ Tihomir àti Milunka láti Niš. Ó kígbe, "Milunka! Milunka mi!" Ó tú ọ̀rọ̀ jáde lọ́pọ̀, n kò gbọ́ ìdajì. Mo dúró kó tán, lẹ́yìn náà mo bèèrè bí mo ṣe kọ́ ọ: ṣé yàrá wà fún wa nínú oṣù Kẹfà?

"Ne," ó ní. "Ne, ne."

Ọkàn mi fò fún ayọ̀. Mo bèèrè: Ọ̀gbẹ́ni Argyris ńkọ́, ṣé ara wọn le?

Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Argyris... ne." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ níbẹ̀, ó sì fa imú. Ọ̀fìnkìn ń ṣe ìyá yẹn. Oṣù Kẹta létí òkun, afẹ́fẹ́ tútù ni.

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ó dára gan-an! Ó dára gan-an! Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n múra, bàbá mi ń bọ̀ wá nà wọ́n nínú tavli!" N kò mọ̀ pé mo lè sọ gbólóhùn tó gùn tó bẹ́ẹ̀ láì kọsẹ̀.

Fóònù já. Ó lè jẹ́ pé iná lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù Kẹta

Mo sọ fún Bàbá pé yàrá wà, pé ara Argyris le. Ó dìde kúrò nídìí oúnjẹ. Mo gbọ́ tó ń tú àpótí nínú yàrá, ó sì gbé ọpọ́n tavli jáde, èyí tó ti wà lábẹ́ aṣọ òtútù ìyá mi. Ó ń fi èékánná họ ìda àbẹ́là kúrò lára rẹ̀.

Àǹtí Stojanka, àbúrò Bàbá, wá láti Leskovac. Ó wo ọpọ́n, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti jí?"

"Mo ti jí."

"Kí ló jí yín? Bí mo ṣe sunkún títí láti ìgbà òtútù, ẹ ò yí orí."

"N kò gbọ́ ọ."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, torí mo bú yín nínú rẹ̀."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù Kẹrin

Òjò láti àárọ̀. Bàbá fá irùngbọ̀n rẹ̀ láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

Ọjọ́ Àìkú, 6 oṣù Kẹrin

Ìjà lórí ẹrù. Bàbá fẹ́ kó ata inú ìgò, kọfí wa, ẹran gbígbẹ, àti búrẹ́dì.

Àǹtí Stojanka ní, "Ṣé ogun ń bẹ ní Gíríìkì ni? Àbí wọn kì í jẹun níbẹ̀? Ìdí tí wọ́n fi ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nìyí. Bí wọ́n bá ti rí mọ́tò tó tẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n á ní, 'Ẹ wò ó, àwọn ará Sébíà ti gbé ilé ìdáná wọn dé.'"

"Argyris fẹ́ràn ata yìí. Milunka ló máa ń..." Bàbá tún gbé ìgò ata kan sí i.

Lítà epo mọ́tò kan ti ń sún mọ́ igba dínárì. Mo ra fìlà fún ara mi, èyí tó fẹ̀ bí agboòrùn.

Ọjọ́ Àìkú, 20 oṣù Kẹrin. Àjíǹde

Kristi jíǹde. Èmi ni mo fi èèpo àlùbọ́sà rẹ ẹyin lọ́dún yìí, wọ́n pupa dáadáa. Gbogbo wa fi ẹyin kan ara wọn láti wo ti ẹni tí kò ní fọ́, ti Àǹtí Stojanka ló fọ́ gbogbo tiwa. Ó máa ń fi ọwọ́ bo ẹyin rẹ̀ jù, n kò gba ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́.

Bàbá yọ ẹyin kan sápá kan, ó fi òróró pa á lára títí ó fi ń dán. Ó ní ti Argyris nìyẹn. Àwọn méjèèjì á fi kan ara wọn bó bá dé ọ̀hún.

"Títí oṣù Kẹfà? Á rà!"

"Ẹyin Àjíǹde kì í rà, Stojanka. Gbígbẹ ló ń gbẹ."

"Ẹ̀yin náà ti gbẹ."

Ó dì í sínú ìbọ̀sẹ̀ onírun, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ẹni mímọ́. Ó pẹ́ tí mo ti rí i tó fi jẹ́jẹ́ gbé nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù Karùn-ún

Àfi kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ kí aláìsàn kan lọ ni fóònù dún. Nọ́ńbà Gíríìkì. Ọmọbìnrin kan ló ń sọ èdè wa, ó ń sọ ọ́ dáadáa, bí ẹni tó kọ́ ọ nílé ìwé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin ni Dókítà Dobrila láti Niš? Fotini ni mí, ọmọ ọmọ Evanthia. Ìyá àgbà kò fẹ́ kí n pè yín. Ṣùgbọ́n mo wálé láti Thessaloniki, mo bá wọn nínú ẹkún, wọ́n sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Mi ò lè pa á mọ́ra. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni bàbá àgbà mi fi ṣe yín?"

Mo ní, "Kò yé mi."

"Ẹ ti bèèrè bàbá àgbà lọ́wọ́ ìyá àgbà. Wọ́n sọ fún yín pé bàbá àgbà kò sí mọ́. Ẹ rẹ́rìn-ín! Ẹ ní ó dára gan-an. Ẹ tún un sọ! Ẹ ní kí òkú múra, pé bàbá yín ń bọ̀ wá nà án."

N kò mọ ìgbà tí mo jókòó. Àga kò sí lẹ́yìn mi, ilẹ̀ ni mo bá ara mi.

"Wọ́n ní 'ne'," mo ní. "Mo bèèrè bóyá ara wọn le, wọ́n ní 'ne'. Lédè yín, ṣebí bẹ́ẹ̀ ni nìyẹn?"

"Lédè *yín* ni wọ́n fi sọ ọ́! Ta ni kò mọ̀ ní Sarti pé èdè yín ni ìyá àgbà mi fi ń dá gbogbo ará yín lóhùn? Láti ọdún wo! Wọ́n gbọ́ ohùn Niš lẹ́nu yín, wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún yín, wọ́n dá yín lóhùn bí ẹ ṣe máa gbọ́ ọ. 'Ne.' Kò sí yàrá. 'Ne.' Kò sí Argyris."

"Èmi náà..." Mo gbé fóònù sí etí kejì. "Ọmọ mi, èmi náà kọ́ èdè yín kí n lè bọ̀wọ̀ fún wọn. Mo rò pé..."

Mo gbọ́ tó mí sínú. Lẹ́yìn náà ó ní, jẹ́jẹ́, "Ìyá Ọlọ́run o." Kò lè dá ẹ̀rín dúró, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lójú ẹsẹ̀. Oṣù Kejì ni Argyris kú. Ó ń tún pẹpẹ bàtà ṣe, ó jókòó, kò sì dìde mọ́. Evanthia kò gba àlejò kankan lọ́dún yìí.

Mo bẹ̀ ẹ́ títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi. Ó ní òun yóò là á yé ìyá àgbà. Mo rò pé ó ti tán ni, àfi bó ṣe ní:

"Ìyá àgbà ní ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́. Kí Milunka pe òun. Wọ́n ní ó ya òun lẹ́nu pé Milunka kò pè. Ohùn Milunka nìkan ni òun fẹ́ gbọ́."

Ọ̀rọ̀ Bàbá wà lọ́rùn mi: o ò gbọdọ̀ sọ ọ́.

Mo ní, "Kò sí nílé."

N kò purọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣoṣo ni mo yọ kúrò nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 oṣù Karùn-ún

N kò ríran ṣiṣẹ́. Ọkùnrin kan jókòó níwájú mi, ó ní ìyàwó òun ń sọ̀rọ̀ sínú, mo sì ń wò ó bí ẹni ń wo ògiri.

Etí mi kò ṣe àṣìṣe. Ohùn tó wálẹ̀, mo gbọ́ ọ. Ìdákẹ́jẹ́ tó ṣáájú rẹ̀, mo gbọ́ ọ. Imú tó fà, mo gbọ́ ọ, mo pè é ní ọ̀fìnkìn. Ilẹ̀kùn ṣí bó ṣe yẹ. Onílé ló ń retí ìròyìn ayọ̀ láti àárọ̀, ó sì fi orúkọ ayọ̀ pe ẹni tó wọlé. Kí ni mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn láti ọdún yìí wá?

Nínú yàrá tí ariwo kì í wọ̀!

Ọjọ́rú, 14 oṣù Karùn-ún

Mo pe Àǹtí Stojanka. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó ní, "O ò gbọdọ̀ sọ fún un. Ṣé o ti gbàgbé bó ṣe rí nígbà òtútù? Bí òkú tó ń jẹun. Sọ fún un pé ilé ti kún, pé wọ́n ti fi yàrá fún ẹlòmíràn. Á bínú sí Evanthia. Ìbínú kì í pa àgbà."

"Á bínú sí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, Àǹtí?"

"Kó bínú sí mi nígbà náà! Kó bínú sí ìjọba Gíríìkì! Ṣùgbọ́n jẹ́ kó máa fá irùngbọ̀n rẹ̀."

Mo sọ fún un pé màá ronú sí i. Mo ti gbà láàárín ọkàn mi. Ilé ti kún. Ó rọrùn láti sọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 oṣù Karùn-ún

Ó wà ní bàkónì nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi bébà yanrìn dán ọpọ́n tavli. Àwọn ará ilé ti ṣí fèrèsé nítorí ooru. Mo jókòó tì í. Mo ti mọ irọ́ náà lórí, mo la ẹnu láti pa á, òótọ́ ló sì bọ́ jáde, ní ohùn jẹ́jẹ́ tí mo fi ń sọ irú rẹ̀ nílé ìwòsàn:

"Bàbá, Argyris ti kú."

Ó gbé etí sí mi. "Ti kún? Kí ló kún? Ilé?"

Mo wò ó. Ọlọ́run ló rí mi. Irọ́ tí Àǹtí Stojanka rán mi ni bàbá mi fúnra rẹ̀ mú jáde, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Kí n ṣáà mi orí ni. Ìṣẹ́jú kan, á bínú, á gbé ọpọ́n padà sábẹ́ aṣọ, kò sì ní mọ̀ láéláé.

"Ilé Argyris ti kún?" ó tún bèèrè. "Ṣebí o ní wọ́n ní yàrá wà?"

A kì í fi jẹ́jẹ́ túfọ̀ fún adití. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí di òní. Mo ní láti pariwo rẹ̀.

"Ó ti KÚ, Bàbá! Argyris KÚ! Nínú oṣù Kejì!"

Ohùn mi kọlu ilé tó kọjú sí wa, ó padà wá. Obìnrin tó ń sá aṣọ lókè wa dáwọ́ dúró, ó fi àmì àgbélébùú kan ara rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀ gbójú sókè. Gbogbo àdúgbò gbọ́ ikú Argyris, ẹni tí wọn kò rí rí.

Bàbá gbọ́. Ó fi ọwọ́ nu ìyẹ̀fun igi kúrò lórí ọpọ́n, ó pa á dé, ó sì wọlé. Mo tẹ̀lé e, mo sì pariwo ìyókù fún un: àwọn "ne" yẹn, ẹ̀rín mi, gbogbo rẹ̀. Ó jókòó sórí ibùsùn ní apá ibi tí ìyá mi máa ń sùn. Kò wò mí.

"Pa iná yẹn," ó ní.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 oṣù Karùn-ún

Kò sọ̀rọ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń hù.

Ọjọ́ Àìkú, 25 oṣù Karùn-ún

Mo bu ọbẹ̀ fún un. N kò retí nǹkan kan. Ó ń fi ṣíbí rò ó. Ó ní:

"Ta ló sọ ti Milunka fún Evanthia?"

Mo pariwo, "Kò sí ẹni tó sọ! Ẹ ní kí n má sọ!"

"Ó dáa." Ó jẹun díẹ̀. "Obìnrin yẹn jókòó sílé nínú ọ̀fọ̀, ó ń retí kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é. Á máa rò pé Milunka gbọ́, kò sì bìkítà. N kò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. A ń lọ."

"Bàbá, kò sí yàrá. Wọn kò gba àlejò."

"Ta ló ń sọ ti yàrá? Gba yàrá síbikíbi. Gbà á nínú mọ́tò." Ó nawọ́ sí ìdáná. "Bá mi mú àwọn ẹ̀fọn rẹ yẹn wá nínú dúróà ṣúgà."

N kò dìde. Mo rò pé n kò gbọ́ ọ dáadáa. N kò gbẹ́kẹ̀ lé etí mi mọ́.

"Kí lo ń wò? Ẹni tó lọ kí ọlọ́fọ̀ kò gbọdọ̀ ní kí ọlọ́fọ̀ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù Kẹfà

Mo tún ẹ̀rọ ìgbọ́ràn náà ṣe fún un nílé ìwòsàn, mo fi ohùn òkè kún un díẹ̀díẹ̀ kó má baà dẹ́rù bà á. Bí a ṣe délé, ó dúró láàárín ìdáná, ojú rẹ̀ yí padà.

"Kí ló ń ké bẹ́ẹ̀?"

"Fíríìjì ni."

"Ṣé bó ṣe máa ń ké látọjọ́ yìí nìyí?" Ó fi ọwọ́ lé e lórí bí ẹni ń tu ọmọ lára. "Milunka sọ ọ́ o. Ó ní ó ń ké, ó ní kí a tún un ṣe. Mo ní irọ́ ni ó ń pa."

Mo gba yàrá kékeré kan lókè ní Sarti, tó jìnnà sí òkun, tí kò ní fèrèsé tó dáa. Owó rẹ̀ kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ kọ síbí.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù Kẹfà

Ẹrù ti wà nínú mọ́tò: ata, kọfí, ọpọ́n tavli. Mo bèèrè bóyá kí a fi ọpọ́n sílẹ̀. Bàbá ní, "Ó mọ ọ̀nà jù ọ́ lọ." Àǹtí Stojanka wá dágbére, ó fi búrẹ́dì sí ẹ̀yìn mọ́tò láì bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo ti kọ́ gbólóhùn tí màá fi tọrọ àforíjì, mo mọ̀ ọ́n lórí. Ẹ̀rù ń bà mí ju ìgbà tí mo ṣe ìdánwò àṣekágbá lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù Kẹfà. Sarti

A sọdá Makedóníà nínú ooru tó ń yọ́ ọ̀dà títì. Ní ẹnubodè, òṣìṣẹ́ tú àpò Bàbá, ó fa ìbọ̀sẹ̀ onírun jáde, ó rí ẹyin pupa. "Kí lèyí, bàbá?" Bàbá ní, "Ti ọ̀rẹ́ mi ni." Ọkùnrin náà dá a padà sínú ìbọ̀sẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní ká máa lọ.

Mo rò pé a máa kọ́kọ́ lọ kó ẹrù sí yàrá wa lókè. Bàbá ní ká dúró. Ó nawọ́ sí ọgbà kan tó ní ilẹ̀kùn irin.

Evanthia ti gbọ́ ìró mọ́tò. Ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú aṣọ dúdú láti orí dé ẹsẹ̀, ó kéré ju bí mo ṣe rò lọ. Bàbá sọ̀ kalẹ̀. Evanthia ń wo ẹ̀yìn bàbá mi, ó ń wo ilẹ̀kùn mọ́tò kejì, ó ń dúró kó ṣí. Bàbá mi mọ ohun tí kò ní bá níbẹ̀, síbẹ̀ ó ń wo ẹ̀yìn Evanthia, ó ń wo abẹ́ igi múlíbẹ́rì, níbi tí àga méjì wà, tí èso dúdú ti já bọ́ sórí wọn tí ẹnikẹ́ni kò gbá a.

Evanthia bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú wo fèrèsé mọ́tò. Ọpọ́n tavli àti búrẹ́dì ló rí.

"Milunka?" ó ní.

Bàbá mi yọ fìlà. Ó sọ ọ́ ní èdè wa, ó rọra sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ tán: "Milunka kò sí mọ́, Evanthia. Láti oṣù Kọkànlá. Mo ní kí wọ́n má sọ ọ́ fún yín lórí fóònù. Mo fẹ́ wá sọ ọ́ fúnra mi."

Obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ kọjá orí irin, ó di ìgúnpá bàbá mi mú, òun náà sì sọ tirẹ̀ fún un lédè wa, bí ẹni pé kò tíì gbọ́ ọ rí: Argyris, àga, pẹpẹ bàtà, àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ohùn rẹ̀ kéré, ó ń já. Bàbá mi ń mi orí. Kò bèèrè "kí lẹ wí" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Èmi sún mọ́ wọn, mo bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn tí mo kọ́. N kò tíì dé ìdajì rẹ̀ tí Evanthia fi di etí mi mú, ó sì fà á bí a ti ń fa ti ọmọ aláìgbọràn.

"Dókítà etí!" ó ní. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀. "Dókítà *etí*!"

Bàbá mi yọ ìbọ̀sẹ̀ lápò. Ó tú ẹyin náà, ó fi lé e lọ́wọ́. Evanthia wò ó, ó gbé e lé àyà.

Oòrùn ń wọ̀ lọ sínú ewé múlíbẹ́rì. Bàbá mi fi ọwọ́ nu ojú, ó gbójú sókè sí fèrèsé kan lókè ilé náà, èyí tí wọ́n ti pa.

"A ti gba yàrá lọ́hùn-ún," ó ní. "Ẹ má ṣe ìyọnu. Mo kàn fẹ́ bèèrè ni. Yàrá wa yẹn, Evanthia. Ṣé àyè wà níbẹ̀?"

"Ne," ó ní.

Mo dúró pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́. Gbogbo ìwé tí mo kà kò ràn mí lọ́wọ́. N kò mọ èdè wo ló fi sọ ọ́, títí ó fi gbé ẹyin náà sọ́wọ́ òsì, tó sì fi ọwọ́ ọ̀tún fa ilẹ̀kùn irin náà sẹ́yìn fún un.